Dodgers ni àbí Yankees? Ẹ̀yin bi mí, èmi náà ti dáhùn

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àtìgbà tí Dodgers ti Los Angeles ti na Mets ti New York lọ́jọ́ Sunday yẹn, October 20, tí wọ́n fi wọ World Series, àṣekágbá baseball ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lẹ́tà yín ò jẹ́ kí n mí mọ́. Yankees, tí àwọn náà jẹ́ ti New York, ti parí tiwọn pẹ̀lú Cleveland lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n jókòó wọ́n ń retí ẹni tó máa bá wọn wọ̀jà, ó wá ku ọ̀la, Friday, October 25, 2024, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles. Inú mi dùn débi pé mi ò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yìí, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí tíìmù méjì yìí tún pàdé. Mo ka gbogbo lẹ́tà yín tán, àwọn tí ìbéèrè wọn jọra mo kó wọn sójú kan, ẹni tí ò bá rí tiẹ̀ kó má bínú sí mi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ nǹkan kan nínú baseball, ọkọ mi ló ń wò ó, ó sì ti kìlọ̀ fún wa pé tí World Series bá ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má gba iwájú tẹlifíṣọ̀n kọjá. Mo fẹ́ bá a jókòó wò ó lọ́dún yìí kí n má dà bí àjèjì nínú ilé ara mi. Gémù mélòó ni, báwo ni wọ́n sì ṣe ń gbá a gan-an?

ÌDÁHÙN: Àǹtí wa, ọkọ yín ṣe oríire, ẹ bá mi kí wọn. Gémù méje ni wọ́n kọ sílẹ̀ àmọ́ ó lè má débẹ̀, tíìmù tó bá kọ́kọ́ gba mẹ́rin ti gbé e nìyẹn, wọn ò ní gbá èyí tó kù mọ́. Méjì àkọ́kọ́ máa wáyé ní Los Angeles lọ́jọ́ Friday àti Saturday, wọ́n á sinmi lọ́jọ́ Sunday, wọ́n á wá lọ gbá mẹ́ta ní New York, October 28, 29 àti 30, tí ìjà bá ṣì ku sílẹ̀ wọ́n á padà sí Los Angeles ní November 1 àti 2. Ìdí tó fi jẹ́ pé Los Angeles ló ní mẹ́rin nílé ni pé nínú gémù 162 tí tíìmù kọ̀ọ̀kan gbá ní sáà yìí, Dodgers gba 98, Yankees gba 94.

Eré yẹn fúnra ẹ̀ ò le. Tíìmù kan á máa ju bọ́ọ̀lù, èkejì á máa fi igi gbá a. Ẹni tó ń jù ú ni wọ́n ń pè ní pitcher. Ẹni tó bá gbá a á sáré lọ sí béèsì àkọ́kọ́, á lọ sí ìkejì, á lọ sí ìkẹta, tó bá padà délé níbi tó ti gbéra, run kan nìyẹn. Tó bá gbá a kọjá ògiri pápá pátápátá, home run nìyẹn, á rọra rìn yípo ni, kò sẹ́ni tó máa lé e. Àwọn tó ń ṣọ́ pápá náà á máa wá bí wọ́n ṣe máa lé àwọn tó ń gbá a kúrò, tí wọ́n bá ti lé èèyàn mẹ́ta, ìyẹn out mẹ́ta, wọ́n á pààrọ̀ ipò. Tíìmù kọ̀ọ̀kan á gbá a bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, wọ́n ń pe ìkọ̀ọ̀kan ní inning, tí wọ́n bá ṣì dọ́gba wọ́n á máa gbá a lọ títí ẹnì kan fi máa borí, torí kò sí ọ̀mì níbí.

Àǹtí wa, ẹ ṣírò ẹ̀: out mẹ́ta lọ́nà mẹ́sàn-án, 27 nìyẹn. Out 27 yẹn ni gbogbo ohun tí tíìmù ní lọ́jọ́ kan. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, torí òun ni màá fi dáhùn ìbéèrè tó kẹ́yìn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, mo ti ń wo eré yìí ó pẹ́. Mo rí Reggie Jackson ní 1977, mo rí Fernando ní 1981, mo rò pé mi ò ní rí Dodgers àti Yankees pọ̀ mọ́ kí n tó kú. Jọ̀ọ́ bá mi sọ ìtàn wọn fún àwọn ọmọ tó rò pé àná ni baseball bẹ̀rẹ̀.

ÌDÁHÙN: Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ máa pẹ́ fún wa o, ẹ ṣì máa rí òmíràn. Ìgbà 11 ni wọ́n ti pàdé, eléyìí ló máa jẹ́ ìkejìlá, kò sí tíìmù méjì míì tó tíì kojú ara wọn tó bẹ́ẹ̀ ní World Series. Yankees gba mẹ́jọ nínú ẹ̀, Dodgers gba mẹ́ta péré, 1955, 1963 àti 1981. Nínú mọ́kànlá yẹn, méje ló jẹ́ pé Brooklyn ni Dodgers ṣì wà, inú New York kan náà ni tíìmù méjèèjì ń gbé, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lèèyàn ń wọ̀ láti pápá kan lọ sí èkejì, 1958 ni Dodgers tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a ní Los Angeles.

1955 yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Yankees ti na Brooklyn ṣáájú ẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sú àwọn èèyàn, wọ́n ti ń sọ pé bóyá orí ni ò gbè wọ́n. Wọ́n wá dé gémù keje, October 4, ní Yankee Stadium. Dodgers ń fi 2-0 ṣáájú, inning kẹfà ni, Yankees ní èèyàn méjì lórí béèsì, out kankan ò tíì sí, Yogi Berra ló di igi mú. Ọwọ́ òsì ni Berra fi ń gbá a, apá ọ̀tún pápá ló sì sábà máa ń gbá a sí, làwọn tó ń ṣọ́ pápá bá sún lọ sọ́tùn-ún. Ló bá gbá a sósì, ẹ̀gbẹ́ ìlà gan-an. Sandy Amorós, ọmọ Cuba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé sápá òsì ní inning yẹn, ó sáré, ó sáré, ó na ọwọ́ ọ̀tún tó ki ìbọ̀wọ́ sí, bọ́ọ̀lù já sínú ẹ̀. Ká ní ọwọ́ òsì ló ki ìbọ̀wọ́ sí bíi ti ọ̀pọ̀ èèyàn ni, ọwọ́ ẹ̀ ò bá má tó o. Ó dúró, ó yíjú, ó ju bọ́ọ̀lù sí Pee Wee Reese, Reese jù ú sí Gil Hodges ní béèsì àkọ́kọ́, ẹni tó ti sá kúrò níbẹ̀ ò ríbi padà sí mọ́, out méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Johnny Podres ju gémù ọ̀hún dé òpin, 2-0 náà ló parí sí, òun ni World Series àkọ́kọ́ tí Brooklyn gbà, òun náà sì ni ìkẹyìn. Bàbá, kì í ṣe home run ló gbé e fún wọn, ìbọ̀wọ́ ni.

Ti 1977 tí ẹ wí yẹn, gémù kẹfà, Reggie Jackson ti Yankees gbá home run mẹ́ta, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n jù sí i ló gbá nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pitcher mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì jù ú. Ẹnu ò lè ròyìn ẹ̀ tán.

1981 ni wọ́n pàdé kẹ́yìn. Yankees gba méjì àkọ́kọ́, Dodgers wá gba mẹ́rin léraléra. Ìkẹta ló yí gbogbo ẹ̀ padà, Fernando Valenzuela, ọmọ Mexico, ọmọ ogún ọdún lásán, ara ẹ̀ ò yá lọ́jọ́ yẹn rárá, wọ́n gbá hit mẹ́sàn-án mọ́ ọn lórí, ìyẹn ni pé kí ẹni tó gbá a dé béèsì láìséwu, ó fún èèyàn méje ní béèsì ọ̀fẹ́ torí bọ́ọ̀lù tí kò dáa ló ń jù sí wọn, run mẹ́rin wọlé, síbẹ̀ máníjà ò yọ ọ́, ó jù ú dé òpin, Dodgers sì gbà á 5-4. Lọ́jọ́ Tuesday yìí, October 22, Fernando kú, ẹni ọdún 63, ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí tíìmù méjèèjì tún wọ pápá. Ó dùn mí gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí i nígbà tó ń ju bọ́ọ̀lù, tó máa gbójú sókè wo ọ̀run kó tó jù ú, ẹ mọ nǹkan tí mò ń sọ. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká má fọ̀rọ̀ gùn, Ohtani àti Judge nìjà yìí. Èwo nínú wọn ló máa borí? Àwa ọ̀rẹ́ ti pín sí méjì nítorí ẹ̀.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, mo mọ ìdí tẹ́ ẹ fi pín. Judge ti Yankees gbá home run 58 lọ́dún yìí, Ohtani ti Dodgers gbá 54, lígì méjì ni baseball pín sí, oníkálukú ló ṣáájú nínú tiẹ̀. Láti 1956 tí Mickey Mantle ti Yankees ti pàdé Duke Snider ti Brooklyn, kò tíì sí World Series míì tí ọ̀gá home run lígì méjèèjì ti kojú ara wọn. Ọdún 68 nìyẹn o.

Ohtani kì í wá ṣe home run nìkan. Ó tún jí béèsì 59, ìyẹn ni pé kó dọ́gbọ́n sá lọ sí béèsì tó kàn nígbà tí pitcher ń ju bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Kò sẹ́nì kankan ṣáájú ẹ̀ tó gbá 50 tó tún jí 50 nínú sáà kan náà, láti ayé tí wọ́n ti dá baseball sílẹ̀. Ọjọ́ tó wọlé síbẹ̀, September 19 ní Miami, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló dúró gbá a, ẹ̀ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà ló rí hit, home run mẹ́ta wà níbẹ̀, èèyàn mẹ́wàá ló gbá wọlé, ó tún wá jí béèsì méjì sí i. Mo tún un wò lọ́jọ́ kejì kí n lè gbà pé òótọ́ ni. Ẹ rántí pé pitcher ni òun náà, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un nígbọ̀nwọ́ ní 2023 ni kò jẹ́ kó ju bọ́ọ̀lù kankan lọ́dún yìí, igi nìkan ló ń gbá.

Judge wá ńkọ́? Ìgbà 31 ló ti gbá a láti ìgbà tí àwọn gémù òpin ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀, hit márùn-ún péré ló rí. Àwọn kan ti ń bú u, èmi ò ní bá wọn bú u. Ẹ padà lọ wo gémù kẹta ní Cleveland, October 17, Emmanuel Clase, pitcher Cleveland, ló wà níbẹ̀, ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé gbá ní gbogbo sáà, inning kẹjọ, Judge fi igi tì í lọ sápá ọ̀tún, bọ́ọ̀lù ò ga, ó kàn ń lọ tààrà bí ọfà ni, ó ré ògiri kọjá, Yankees dọ́gba. Ẹni tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí Clase, ọwọ́ ẹ̀ ò kú, oorun ló ń sùn.

Àmọ́ mi ò gbà pé ìjà àwọn méjèèjì ni. Wọn ò ní fara kan ara wọn, àbúrò. Kò sẹ́ni tó máa ju bọ́ọ̀lù sí èkejì nínú wọn, ọlọ́gbọ́n pitcher ò sì ní fún èyíkéyìí nínú wọn ní bọ́ọ̀lù tó dáa tí béèsì àkọ́kọ́ bá ṣófo. Wọ́n á máa sá fún wọn ni, ẹ̀yìn wọn lọ̀rọ̀ á máa bọ́ sí. Ẹ̀yìn Ohtani, ẹ máa rí Mookie Betts, Freddie Freeman, Teoscar Hernández, Max Muncy, Will Smith, Tommy Edman. Ẹ̀yìn Judge, Giancarlo Stanton nìkan ni ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí gidi, home run mẹ́rin ló gbá mọ́ Cleveland, òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹni tó peregedé jù níbẹ̀. Ẹ ka àwọn orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kẹ́ ẹ tó máa bá ara yín jà.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ẹsẹ̀ Freeman á gbà á? Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

ÌDÁHÙN: Èmi náà fẹ́ràn ẹ̀. September 26 ló fi ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ́ ní béèsì àkọ́kọ́, nígbà tó ń yà fún ẹni tó fẹ́ fi bọ́ọ̀lù kàn án. Nínú gémù 11 tí Dodgers ti gbá lẹ́yìn sáà, mẹ́ta ni kò lè gbá rárá, nínú èyí tó sì gbá, hit méje ló rí, kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀ tó kọjá béèsì kan, ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa gbá a dé ògiri. Ó ń sáré bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀gún. Àmọ́ láti Friday tó kọjá tó gbá gémù kẹ́yìn dé ọ̀la, ọjọ́ mẹ́fà gbáko ló fi sinmi, fún ẹsẹ̀ tó wú, nǹkan ńlá nìyẹn. Mo ní ìgbàgbọ́ pé ẹsẹ̀ yẹn á fúyẹ́ ju bó ṣe rí nígbà Mets lọ, ẹ̀yin náà ẹ wo bó ṣe máa tẹ ẹsẹ̀ iwájú mọ́lẹ̀ nígbà tó bá ju igi. Tó bá tẹ̀ ẹ́ gbọnyin, kí Yankees yáa múra.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, Yankees ni mí láti kékeré. Báwo ni tíìmù tí gbogbo pitcher wọn wà ní ọsibítù ṣe máa na wá? Kò jọra rárá, ẹ sọ òótọ́ fún àwọn fáànù Dodgers.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, lórí ìyẹn ẹ gbà mí. Tyler Glasnow ò sí, Clayton Kershaw ò sí, Gavin Stone ò sí, ká má tíì ka àwọn yòókù. Mẹ́ta péré ló kù fún Dodgers tó lè bẹ̀rẹ̀ gémù: Jack Flaherty lọ́la, Yoshinobu Yamamoto lọ́jọ́ Saturday, Walker Buehler ní New York. Yankees ní mẹ́rin, Gerrit Cole ló ṣáájú, Carlos Rodón tẹ̀ lé e, Clarke Schmidt àti Luis Gil wà lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ gémù nìkan ló ń gbá a, mi ò bá fún Yankees láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Flaherty yìí fúnra ẹ̀ ń kọ mí lóminú. Gémù àkọ́kọ́ pẹ̀lú Mets, inning méje, kò fún wọn ní run kankan. Gémù karùn-ún, inning mẹ́ta péré, run mẹ́jọ. Ẹnì kan náà ni o, láàárín ọjọ́ márùn-ún. Èwo ló ń bọ̀ lọ́la?

Àmọ́ àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ rántí gémù kẹrin pẹ̀lú Padres ti San Diego, October 9, ní ìpele tó jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gba mẹ́ta ló ń tẹ̀ síwájú, Padres ti gba méjì, Dodgers gba ọ̀kan, tí wọ́n bá fìdí rẹmi wọ́n lọlé nìyẹn, wọn ò sì ní pitcher tó máa bẹ̀rẹ̀. Máníjà wọn, Dave Roberts, fi èèyàn mẹ́jọ ju gémù yẹn, ẹni yìí ju inning kan, ó kúrò, ẹni yẹn ju ìdajì, ó kúrò, àwọn Padres ò ríbi mú ojú wọn mọ́ ẹnikẹ́ni lára, 8-0 ló parí sí. Inning 33 ni Dodgers fi lọ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí run kan gbá wọlé, láti inú ìjà Padres títí wọ inú ti Mets. Kò sẹ́ni tó tíì ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn sáà, Baltimore ti 1966 ni wọ́n bá dọ́gba. Blake Treinen, Michael Kopech, Alex Vesia tí ara ẹ̀ bá yá, Anthony Banda, àwọn wọ̀nyí kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń kọ sára aṣọ àwọn ọmọdé, síbẹ̀ àwọn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé.

Tiyín náà ní Luke Weaver, mi ò ní gbàgbé ẹ̀, ó dáa. Ṣùgbọ́n gémù kẹta ní Cleveland yẹn náà, ó ku out kan ṣoṣo, òun ni wọ́n gbá home run mọ́ lórí tí wọ́n fi dọ́gba, Clay Holmes wá wọlé ní inning kẹwàá, David Fry gbá tiẹ̀ lọ sẹ́yìn ògiri, 7-5, gémù ti lọ. Out kan ṣoṣo ló kù o.

ÌBÉÈRÈ: Owó ló gbá a dé ibẹ̀, kò sí nǹkan míì. Ohtani nìkan gba 700 mílíọ̀nù dọ́là. Kí ló wá dùn nínú ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Owó wà níbẹ̀, mi ò ní jiyàn. 700 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́wàá, Yamamoto 325 mílíọ̀nù, Judge 360 mílíọ̀nù, Cole 324 mílíọ̀nù. Ṣùgbọ́n Mets ló náwó jù lọ́dún yìí, ilé ni wọ́n wà. Ẹni tó sì pa Mets gan-an, tó gbá run 11 wọlé nínú gémù mẹ́fà, Tommy Edman ni, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ St. Louis ní July nígbà tí ara ẹ̀ ò tíì yá, tí kò tíì gbá gémù kankan lọ́dún yìí. Ojú ló rí Edman, kì í ṣe owó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ sọ̀rọ̀ títí ẹ ò dárúkọ Juan Soto. Àbí ẹ̀ ń bẹ̀rù ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Mo bẹ̀rù ẹ̀ dé egungun. Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan tí mo rí ní Cleveland, October 19, inning kẹwàá, 2-2, out méjì ti lọ, èèyàn méjì wà lórí béèsì. Hunter Gaddis ń ju bọ́ọ̀lù sí i. Ó ju èyí tó lọ́ra, Soto gbá a síta, ìyẹn ni pé ó gba ẹ̀gbẹ́ ìlà jáde, wọn ò kà á. Ó tún ju òmíràn, Soto tún gbá a síta. Gbogbo ìgbà tó bá ti gbá a síta báyìí, á wo Gaddis lójú, á rọra mi orí sí i, bí ẹni tó ń sọ pé mo ti rí ìyẹn náà, kí ló kù lọ́wọ́ ẹ. Ìgbà tó di bọ́ọ̀lù keje, kò ku nǹkan kan lọ́wọ́ Gaddis mọ́ ju bọ́ọ̀lù tó yára, tó ń lọ tààrà. Ó jù ú. Soto gbé e lọ sẹ́yìn ògiri láàárín ọ̀tún, run mẹ́ta, 5-2, Yankees padà sí World Series fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 2009.

Ìdí tí mo fi ń bẹ̀rù ẹ̀ nìyẹn, kì í kánjú. Ọ̀la tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ yìí gan-an ló tún ń pé ọdún 26, tí sáà yìí bá sì parí, ó lómìnira láti lọ tíìmù tó bá wù ú, gbogbo ìju igi ẹ̀ láti ìsinsìnyí lowó. Ẹ tún wá rántí pé ní June tí Dodgers lọ gba méjì nínú mẹ́ta lọ́wọ́ Yankees ní New York, tí Yamamoto ju inning méje láìfún wọn ní run kankan, Soto ò sí níbẹ̀, apá ń dùn ún. Ẹni tó bá ń fi June yẹn ṣẹ̀rí pé Dodgers ti gbà á tán, ó ń tan ara ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ó yá, ẹ̀gbọ́n. Ta ni, gémù mélòó? Ẹ má sọ pé Ọlọ́run ló mọ̀ o.

ÌDÁHÙN: Dodgers. Gémù mẹ́fà.

Mo ṣèlérí nọ́ńbà kan fún àǹtí wa lókè. Out 27. Tíìmù tó bá fún alátakò ẹ̀ ní ìkejìdínlọ́gbọ̀n, ìyẹn ni pé kí bọ́ọ̀lù tó yẹ kó jẹ́ out jábọ́ lọ́wọ́ wọn, tàbí kí wọ́n jù ú síbi tí ò yẹ, tàbí tó bá fi out tiẹ̀ ṣòfò torí pé ẹni tó wà lórí béèsì sáré lọ síbi tí wọ́n ti máa lé e kúrò, tíìmù yẹn ti gbé igi fún ọ̀tá. Ibẹ̀ ni mo ti ń wo Yankees láti April tí ọkàn mi ò balẹ̀ fún wọn. Wọ́n ń sáré béèsì láìwo iwájú. Jazz Chisholm tó wà ní béèsì kẹta, July ló dé láti Miami, kò ṣọ́ béèsì kẹta rí nínú lígì ńlá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, orí eré ló ti ń kọ́ ọ. Anthony Rizzo tó wà ní béèsì àkọ́kọ́, ìka méjì ló ṣẹ́ ní ìparí September, ó ń fi bẹ́ẹ̀ gbá a, mo kí i fún akin. Judge gan-an, apá ọ̀tún ni ilé ẹ̀, nítorí Soto ni wọ́n ṣe gbé e sí àárín pápá lọ́dún yìí. Kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀ tó burú fúnra ẹ̀. Àmọ́ Dodgers kì í ṣe tíìmù tẹ́ ẹ lè fún ní out kan tó lé, wọn kì í ju igi sí bọ́ọ̀lù tí kò dáa, wọ́n á dúró, wọ́n á dúró, wọ́n á gba béèsì ọ̀fẹ́, ẹni kẹrin á wá gbá gbogbo wọn wọlé. Run 46 ni wọ́n fi na Mets nínú gémù mẹ́fà. Àṣìṣe kékeré kan lọ́wọ́ Yankees, run mẹ́ta mẹ́rin ni wọ́n máa san.

Ibi tí mo ti lè ṣìnà, mo mọ̀ ọ́n. Cole lè wá lọ́la kó fi Los Angeles dákẹ́, torí náà mo fún Yankees ní gémù kan nínú méjì tó jẹ́ ti ẹ̀. Ògiri apá ọ̀tún ní Yankee Stadium, ẹsẹ̀ bàtà 314 péré ni lẹ́bàá ìlà, bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa mú ní pápá ibòmíì máa ń di home run níbẹ̀, Soto sì mọ ọ̀nà ibẹ̀, mo fún wọn ní ọ̀kan nítorí ìyẹn. Méjì nìyẹn. Ọkàn mi fẹ́ kí Judge jí, mi ò purọ́, eré yìí dùn jù tí Judge bá wà lójúfò. Tó bá jí láti ọ̀la, ẹ fi gémù méje rọ́pò mẹ́fà tí mo sọ, kẹ́ ẹ sì jókòó ti mí ní November 2.

Ọ̀la, bí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ bá ti yí lọ sápá béèsì kẹta, ẹ wo ẹsẹ̀ Chisholm kẹ́ ẹ tó wo ọwọ́ ẹ̀.